Kọ́ Òbí Lórin, Ọmọ Yóò Gbè É

Ẹni tó bá fẹ́ dá kíláàsì orin sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké àti òbí wọn ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́, kó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ládùúgbò rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kí wọ́n tó pe nọ́ńbà àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì kan á ti dúró síwájú bẹ́ǹṣì, á dá orin: orin ọmú fífún ọmọ, orin ọwọ́ fífọ̀, orin ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Òun á lé, àwọn ìyá á gbè. Àtẹ́wọ́ ni ìlù wọn. Ìyá tí kò sùn mọ́jú, ìyá tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, èyí tó jẹ́ pé àkọ́bí rẹ̀ ló gbé dání, gbogbo wọn á máa gbè é, ọmọ ẹ̀yìn wọn á sì máa bá ara ìyá rẹ̀ mì. Kò sí ẹni tó pè é ní kíláàsì orin, bẹ́ẹ̀ ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ wo ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà dáadáa.

Ẹ ó rí i pé ìyá ló ń kọ́. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì tiyín náà. Ogójì ìṣẹ́jú ni ọmọ ọdún méjì yóò lò lọ́dọ̀ yín lọ́sẹ̀; ọ̀dọ̀ òbí rẹ̀ ni gbogbo àkókò tó kù wà. Bí òbí kò bá dá orin náà nígbà tó ń wẹ ọmọ, tó ń di irun rẹ̀, tàbí tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nínú bọ́ọ̀sì, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni iṣẹ́ yín parí sí. Shinichi Suzuki, ará Japan tó fi fayolíìnì kọ́ àwọn ọmọdé lórin, mọ èyí dáadáa: ó fẹ́ kí ìyá kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń ta orin kan lórí fayolíìnì kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀. Ní Princeton, ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Kenneth Guilmartin dá Music Together sílẹ̀ ní 1987 fún àwọn ọmọ tí kò tíì tó iléèwé, ara ìlànà rẹ̀ ni pé òbí gbọ́dọ̀ wà ní kíláàsì, kó máa kọrin, kó máa jó. A kò ní láti lọ ra ìlànà yẹn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ti wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tó máa tò ó ni a ń wá.

Ègbè

Àgbàlagbà ń tijú ohùn ara rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí bàbá kan, ká pè é ní Bàbá Sọ́dìq, dá nìkan kọrin níwájú àwọn tí kò mọ̀ rí, kò ní padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àmọ́ kò sí ẹni tó dàgbà nílé Yorùbá tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbe orin. Ó ti gbè é nídìí àlọ́, ó ti gbè é níbi ìsọmọlórúkọ, ní àsàlátù, níbi ìṣọ́ òru. Ohun tó ti mọ̀ yìí ni kí ẹ fi mú un wọlé.

Kí ègbè kúrú, kó sì máa tètè padà dé, kí ọkàn òbí má baà ráyè lọ sórí fóònù. Ẹ lé orin ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ẹ tó retí pé kí wọ́n gbè é bó ṣe yẹ. Ẹ má ní kí wọ́n máa tún un kà lẹ́yìn yín bí ọmọ iléèwé, ẹ má sì dúró ṣàlàyé orin. Ẹ lé, ẹ dákẹ́, ẹ wò wọ́n lójú, ẹ na ọwọ́ sí wọn. Ìdákẹ́jẹ́ kékeré yẹn ni yóò fa ohùn jáde lẹ́nu wọn. Tí ègbè bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ wá lè máa fi lílé dárà: ẹ fi orúkọ ọmọ kan sí i, ẹ fi ẹja Ẹ̀pẹ́ sí i, ẹ fi ọkọ̀ ojú omi Ìpakòdò ní Ìkòròdú sí i. Ègbè nìkan ni kò gbọdọ̀ yí. Ibẹ̀ ni ọmọ ọdún kan ti ń bá yín pàdé. Ẹ ó rí i tí yóò dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí ẹ bá ń lé, tí yóò sì ju apá sókè nígbà tí ègbè bá dé.

Ọjọ́ àti ibi ìpàdé

Bọ́ọ̀sì BRT ti ń gba Mile 12 dé Ìkòròdú láti 2015, síbẹ̀ òbí tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó ṣì ń kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ á sì ti sùn kó tó dé. Bí ẹ bá fi kíláàsì sí ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́, ìyá àgbà àti ọmọ ọ̀dọ̀ ni yóò gbé ọmọ wá. Ìyá àgbà dára púpọ̀, mo máa tó sọ ìdí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ rí bàbá, àárọ̀ Sátidé ni kí ẹ mú, láago mẹ́wàá, kí òde ìnáwó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi sí àárọ̀ ọjọ́ Àìkú: ṣọ́ọ̀ṣì yóò kó ìdá kan lọ, àsàlátù yóò kó ìdá kejì. Ní Ẹ̀pẹ́, ìyá tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo kò lè fi òwò òwúrọ̀ sílẹ̀ wá kọrin, nítorí náà aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló bá a mu.

Kí ẹ tó kọ ọjọ́ kankan sílẹ̀, ẹ bi àwọn àgbà ìlú. Ní Ìkòròdú, ọjọ́ wà tí Orò máa ń jáde tí obìnrin kò gbọdọ̀ rìn níta. Ẹni tó pe kíláàsì lọ́jọ́ náà ti dá àwọn ìyá dúró sílé láìmọ̀. Ní Ẹ̀pẹ́, ilé á kún fún àlejò nígbà ọdún Káyókáyó. Nígbà Ramadan, ẹ sún gbogbo rẹ̀ sí àárọ̀, nígbà tí agbára ṣì wà lára ẹni tó ń gba ààwẹ̀.

Ní ti ibi ìpàdé, alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA) ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Gbọ̀ngàn CDA tàbí kíláàsì iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sàn ju ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí lọ, bó ti wù kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbà yín tó. Ìdajì àdúgbò ni ẹ ó pàdánù bí ẹ bá wọ ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹ tẹ́ ẹní, kí gbogbo ènìyàn bọ́ bàtà, kí wọ́n jókòó yípo. Òbí mẹ́wàá sí méjìlá pẹ̀lú ọmọ wọn ti tó. Bí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pín wọn sí méjì, torí ẹ kò ní lè fi orúkọ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ́. Ẹ sún jẹnẹrétọ̀ jìnnà, kí ẹ sì fi sípíkà sílẹ̀ sílé. Ohùn ènìyàn tó wà nítòsí ni ìkókó ń kọ́, etí rẹ̀ kò sì nípọn tó tiwa.

Orin tí a ó kọ

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí YouTube. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àgbà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ bi wọ́n: orin wo ni wọ́n fi ń wẹ ọmọ, orin wo ni wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, orin wo ló wà nínú àlọ́ tí wọ́n gbọ́ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé níwájú wọn; ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ gbà á sórí fóònù, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ títí tí yóò fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Màmá tó sọ pé òun ti gbàgbé gbogbo rẹ̀, ẹ gbé ọmọ sí i lọ́wọ́. Orin á jáde.

Ẹ̀pẹ́ dùn ún ṣe iṣẹ́ yìí nítorí ìlú méjì ló wà nínú ẹyọ kan. Àwọn Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ wà níbẹ̀; àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ sì wà níbẹ̀, ìran àwọn tó bá Ọba Kòsọ́kọ́ wá lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá kọlu Èkó ní 1851. Ìyá àgbà méjì lè máa gbé títì kan náà kí wọ́n máa fi ẹ̀ka èdè méjì rẹ ọmọ lẹ́kún. Ẹ gba tọwọ́ àwọn méjèèjì. Bí màmá bá fi Ìjẹ̀bú dá a, Ìjẹ̀bú ni kí gbogbo yín fi gbè é. Ẹ má tún un ṣe sí Yorùbá inú ìwé. Ní Ìkòròdú, níbi tí Ìgbò, Ègùn, Ìlàjẹ àti àwọn mìíràn ti pọ̀ láàárín àwọn ayálégbé, ẹ ní kí ìyá kọ̀ọ̀kan mú orin kan wá láti ilé tirẹ̀. Ìyá tó bá gbọ́ tí gbogbo ilé ń gbe orin ìyá rẹ̀ kò ní pa ọ̀sẹ̀ kankan jẹ.

Òbí kan yóò béèrè ìdí tí ẹ kò fi kọ àwọn orin Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ ní iléèwé ọmọ òun. Ẹ má bínú sí i. Ọjọ́ iwájú ọmọ rẹ̀ ló ń rò. Ẹ sọ fún un pé ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ lè fàyè gba orin Gẹ̀ẹ́sì kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tiwa ni kó pọ̀ jù, nítorí iléèwé yóò ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò ṣe tiwa fún wa.

Ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ adarí ti ń ṣìnà, nítorí náà mo máa dúró díẹ̀ níbẹ̀. Dò, re, mí tí wọ́n fi kọ́ wa ní àmì ohùn ní iléèwé, òun náà ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ̀ bóyá orin yẹ ọ̀rọ̀. Bí ohùn orin bá ń gòkè níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ á daru mọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè lọ́wọ́. Àgbàlagbà lè méfò ohun tí orin ń sọ; ọmọ ọdún méjì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ wa jìyà èyí pẹ́, nígbà tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta wà lára àwọn tó wá ọ̀nà àbáyọ: ó ń ṣe orin ìyìn tí ohùn rẹ̀ bá ti ọ̀rọ̀ rìn, ó sì kọ wọ́n sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní London ní 1922. T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó ń tẹ ọ̀gán ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó, kọ ìwé *Yoruba Music* ní 1953, ọ̀rọ̀ yìí sì wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ hun orin tuntun, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà ketekete bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ẹ tún un sọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹnu dé kí ẹ máa kùn ún nímú. Kíkùn yẹn ti di orin. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn kékeré kan fún ìgbà ìwẹ̀: «Ọmọ wẹ̀, ọmọ mọ́, ó ń dán.» Re-re-dò, re-re-mí, mí-mí-mí. Òbí tí kò mọ nǹkan kan nípa orin á hun tirẹ̀ kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, ọmọ á sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀.

Ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń dá orin, pàápàá ẹ̀yin ọkùnrin. Ohùn ọmọdé kò lè sọ̀ kalẹ̀ tó tiyín. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, yóò kàn máa kígbe ni. Orin tó ń lo ohùn mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ló yẹ wọ́n. Ọ̀pọ̀ orin ìbílẹ̀ wa kò ju ohùn márùn-ún lọ, èrè ńlá sì nìyẹn fún yín. Ní Hungary, Zoltán Kodály gba orin olóhùn márùn-ún ti àwọn ará oko ìlú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ àkọ́kọ́ ọmọdé. Ní Jámánì, Carl Orff náà fi ohùn márùn-ún bẹ̀rẹ̀ ìwé orin ọmọdé tó tẹ̀ jáde láti 1950. Ní Dzodze, ní Gánà, Kofi Gbolonyo ti fi hàn pé ọ̀nà Orff àti orin àbáláyé Éwé lè jókòó sórí ẹní kan náà. Ẹ lè kà nípa gbogbo wọn bí àyè bá wà. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ mọ orin màmá tó wà nílé kejì.

Ogójì ìṣẹ́jú

Oríkì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ yípo, ẹ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú orin pẹ̀lú oríkì rẹ̀: Àjàní, Àdùkẹ́, Àkànní, Àṣàkẹ́. Gbogbo ilé á gbè é, òbí á gbé ọmọ sókè díẹ̀ kí wọ́n lè rí i. Ẹ ó rí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pé ọ̀pọ̀ òbí kò mọ oríkì ọmọ wọn, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ fún un ní ọ̀kan. Iṣẹ́ ilé àkọ́kọ́ nìyẹn: kí wọ́n pe ìyá àgbà lórí fóònù kí wọ́n béèrè. Bí òbí kan bá rò pé oríkì kò bá ẹ̀sìn òun mu, ẹ rán an létí àwọn olórin Mùsùlùmí tí a mọ̀ mọ́ oríkì wọn: Bàtílì Àlàkẹ́ àti Sàláwà Àbẹ̀ní nínú wákà, Síkírù Àyìndé Barrister nínú fújì. Sàláwà Àbẹ̀ní, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1976, oríkì rẹ̀ sì wà lára èèpo rẹ̀. Fún ọmọ tí kì í ṣe Yorùbá, ẹ lo orúkọ àpọ́nlé tí wọ́n ń pè é nílé.

Lẹ́yìn ìkíni, kí gbogbo òbí pọn ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá náà. Ẹ ní ọ̀já méjì tàbí mẹ́ta nílẹ̀ fún ẹni tí kò mú tirẹ̀ wá. Ẹ̀yìn ìyá ni ọmọ Yorùbá ti kọ́kọ́ ń mọ ìlù, nítorí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀, ìbàdí àti ohùn ti ń dé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lu agogo tàbí ìlù kékeré ní ìwọ̀n ìrìn ẹni tó ń lọ sọ́jà láìkánjú, kí wọ́n jó yípo. Ẹ dá ìlù dúró lójijì, kí gbogbo wọn dúró gbagidi. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ti ń dá rìn, ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ kó máa jó tirẹ̀. Nípa dídúró yẹn ni wọ́n fi ń kọ́ bí a ṣe ń fetí sílẹ̀, ẹ̀rín tó ń bá a wá sì ń tú òbí lára.

Kí wọ́n wá jókòó, kí wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n tẹ́ ọmọ sórí ojúgun bí ìyá àgbà tó fẹ́ wẹ ìkókó. Orin ìwẹ̀ nìyí. Kò sí omi. Ọwọ́ ni a fi ń wẹ̀ ẹ́. Ẹ na apá rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ na ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ fi ìka rìn lórí ikùn rẹ̀ pẹ̀lú orin. Mo fẹ́ràn apá yìí ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí òun ló ń bá wọn délé láìsọ̀rọ̀: ọmọ ni yóò rán òbí létí níbi ìwẹ̀ alẹ́. Ẹ kìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni má ju ọmọ sókè.

Ohun èlò, tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ eré. Fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ mú eré ẹkùn mẹ́ran, kí àwọn òbí di ọwọ́ mú ṣe ọgbà, kí ọmọ jẹ́ ewúrẹ́ láàárín, kí bàbá kan jẹ́ ẹkùn. Ẹkùn náà kò gbọdọ̀ le jù. Ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn eré, ẹ pa àlọ́ kan tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, tí orin rẹ̀ ń padà dé léraléra. Àlọ́ àpagbè kò ní ẹlẹgbẹ́ fún ọjọ́ orí yìí, torí ìtàn ń lọ síwájú, orin ń mú wọn padà síbi tí wọ́n mọ̀.

Orin ìrẹ̀mọ́lẹ́kún ni kí ẹ fi parí. Ẹ pa iná bó bá wà, kí òbí gbé ọmọ mọ́ àyà, kí ohùn máa rẹlẹ̀ títí yóò fi di kíkùn. Ẹ má ṣe ìkéde kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣe gbogbo ìkéde ṣáájú.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí kò gbọdọ̀ yí láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Orin tuntun kan péré lọ́sẹ̀ ti tó. Adarí ló máa ń sú, kì í sú ọmọ.

Ohun èlò

Ike omi kékeré tí a bu ẹ̀wà tàbí ìrẹsì sí, tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí rẹ̀ pa, tí a tún fi téèpù wé, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ọmọdé nìyẹn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kí ìkókó tó fi sẹ́nu: hóró ẹ̀wà kan lè há ọmọ lọ́fun. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà kí ẹ kó ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gidi, tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ lè já, fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Agolo mílíìkì di ìlù, ṣùgbọ́n ẹ fi aṣọ bò ó lójú kí ariwo rẹ̀ lè rọlẹ̀. Igi ọparun kúkurú méjì, ṣíbí onígi, odó kékeré, gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Àwọn ọmọ Ikorodu Bois fi irú ohun èlò ilé bẹ́ẹ̀ ṣe àwòkọ fíìmù títí Netflix fi fi irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn ní 2020. Ẹ sọ ìtàn wọn fún òbí tó bá ń tijú ike àti agolo.

Kí ohun èlò tí ẹ mú wá tó gbogbo ọmọ, kó sì jẹ́ irú kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìjà ni yóò gba gbogbo àkókò yín. Àgbàlagbà ni kí ẹ fún ní agogo. Bí òbí kan bá mọ bí a ṣe ń fi agogo lu kọ́ńkóló, ẹ jẹ́ kó máa lù ú lábẹ́ orin. Àwọn ọmọ kò ní láti lè lù ú, kí ó ṣáà wọ etí wọn.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ pe onílù kan, ọmọ Àyàn bí ẹ bá rí i. Ẹ san owó rẹ̀ pé, kí ẹ sì sọ fún un ṣáájú pé ìkókó wà nílé, kó rọra lù. Kó fi gángan pe oríkì ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí òbí dá a mọ̀ kí wọ́n sì dáhùn. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí ọmọ lè gbà tètè mọ̀ pé ìlù ń sọ̀rọ̀, àti pé òun ló ń bá wí.

Àwọn ohun tí yóò ṣẹlẹ̀

Ọmọ yóò sunkún. Kí òbí gbé e jáde, kí ẹ máa kọrin lọ láìyíjú sí wọn, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí kí wọ́n lè máa gbọ́. Ọmọ yóò rìn kiri, yóò lọ dúró lójú fèrèsé, kò ní la ẹnu ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìyá rẹ̀ yóò rò pé kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ ní kó dúró dìgbà tó bá délé. Ọmọ tó ń wò lágbo sábà máa ń kọ gbogbo rẹ̀ lórí pó.

Fóònù ni ìṣòro tó le jù. Òbí á fẹ́ ká fídíò ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ tó di fóònù mú kò lè pàtẹ́wọ́. Ẹ ya ìṣẹ́jú méjì sọ́tọ̀ fún fọ́tò ṣáájú orin ìrẹ̀mọ́lẹ́kún, kí ẹ sì gba àyè lọ́wọ́ àwọn òbí tó kù kí ẹnikẹ́ni tó gbé àwòrán ọmọ wọn síta. Ẹ má fi orin hàn wọ́n lójú ẹ̀rọ. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 2019 ni pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì má máa jókòó wo ojú ẹ̀rọ rárá, kí ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má ju wákàtí kan lọ lóòjọ́. Kíláàsì yín yẹ kó jẹ́ ìsinmi kúrò lójú rẹ̀. Fún lílò nílé, ẹ fi ohùn nìkan ránṣẹ́ sórí WhatsApp, kí ó jẹ́ ohùn màmá tó ni orin náà.

Àwọn kan yóò bẹ̀rù pé orin ìbílẹ̀ lè fa ọmọ lọ sídìí òrìṣà. Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Orin òrìṣà ní àwọn tó ni ín àti ọjọ́ rẹ̀, kò yẹ kí a máa fi ṣeré níbi tí onírúurú ẹlẹ́sìn ti pàdé. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Orin ìwẹ̀, orin ẹranko, orin òṣùpá, orin iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ odò pọ̀ tó láti kún ọdún kan.

Owó, àti ẹni tí yóò gba iṣẹ́

Ẹ gba owó bí wọ́n ṣe ń dá àjọ, díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ẹ sì gbé kóló sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tí kò ní lè wọlé láìsí ìtìjú. Bí ẹ bá nílò olùrànlọ́wọ́, ẹ lọ sí ọgbà Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní Noforíjà, ní Ẹ̀pẹ́, tí a mọ̀ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Michael Otedola kó tó di ara yunifásítì ní 2022. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ọmọdé wà níbẹ̀, iṣẹ́ yìí yóò sì wúlò fún àwọn náà.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹwàá, wọn yóò sọ pé kí ẹ ṣe òde, kí àwọn ọmọ wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá, kí wọ́n tò síwájú. Èmi kò fara mọ́ ọn fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ẹ̀rù á bà á, ìyá á máa jágbe mọ́ ọn láti ẹ̀yìn pé kó kọrin. Ẹ pe àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà wá jókòó sínú agbo dípò rẹ̀, kí ẹ ṣe kíláàsì bí ẹ ti ń ṣe é.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ó ti yẹ kí òbí kan máa lé ó kéré tán orin kan. Ẹ ó mọ ẹni náà: kì í wojú yín mọ́ kó tó dá orin, àwọn ọmọ sì ń sún mọ́ ọn. Ẹ fún un ní gbogbo orin tí ẹ gbà sórí fóònù, ẹ fún un ní ìdajì àwọn ike àti agolo. Bó bá jẹ́ ará Ìmọ̀tà tàbí Ìgbogbo tó ń wọ kẹ̀kẹ́ wá sọ́dọ̀ yín, ẹ bá a lọ rí alága CDA àdúgbò rẹ̀, kí ẹ sì jókòó sórí ẹní lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ láìdá orin kankan.